Ilford HP5 Plus lábẹ́ oòrùn Ilé-Ifẹ̀: fíìmù tó mọ òjìji yàtọ̀ sí ibòòji

Òjìji àti ibòòji kì í ṣe ohun kan náà. Òjìji ló ń tẹ̀ lé èèyàn kiri nínú oòrùn, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ibòòji ni abẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé tí à ń sá sí nígbà tí oòrùn bá mú. Fíìmù dúdú-àti-funfun tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò wúlò fún ẹni tó ń ya fọ́tò ní Ifẹ̀, torí àárín wọn ni ojú àwọn èèyàn wa máa ń wà. HP5 Plus mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó bí páálí rẹ̀ ṣe wí gẹ́lẹ́, kò ní í fi hàn yín.

ISO 400 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, rólù kan sì ń ya fọ́tò 36. Ilé iṣẹ́ Harman ló ń ṣe é ní Mobberley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1989 ló sì ti wà lórí àtẹ. Agolo mítà 30.5 náà wà fún ẹni tó lè wé e fúnra rẹ̀. Ó ń mú nǹkan bí rólù 18 jáde, ó sì dín owó kù púpọ̀. Bí ará ilé bá ń bá yín mú un bọ̀ láti òkè òkun, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́, kó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹrù ńlá lè bà á jẹ́.

Ẹ wo ọ̀sán gangan níwájú ààfin ní Ẹnuwá. Ifẹ̀ kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn a máa dúró sí àárín orí. Ní ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọ̀pá tí ẹ bá rì mọ́lẹ̀ ṣánṣán fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òjìji rárá lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn ni egungun iwájú orí máa ń da òjìji sínú ihò ojú, tí fìlà á tún wá bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹni náà bá wọ léèsì funfun, mítà inú kámẹ́rà, èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, á rí funfun yẹn, á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì gé e kù. Léèsì á jáde bí eérú, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á di èédú. Ẹ má di ẹ̀bi yìí ru fíìmù: iṣẹ́ mítà ni láti sọ ohunkóhun tó bá rí di eérú.

Ẹ dín ISO mítà yín sí 200, kí fíìmù lè rí ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì. Ẹ sún mọ́ ẹni náà títí awọ ojú rẹ̀ á fi kún inú kámẹ́rà, ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wá gé stóòpù kan, ìyẹn ìdajì ìmọ́lẹ̀, kúrò nínú ohun tí mítà bá sọ. Awọ dúdú á jáde ní dúdú tó ń dán. Ẹni tí kò ní mítà lè lo ẹnu lẹ́ńsì f/16 àti ìdá 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá nínú oòrùn, àti f/5.6 àti 1/250 lábẹ́ ibòòji tó ṣí sí sánmà. Ibí yìí ni fíìmù náà ti gba ọ̀wọ̀ gidi lọ́wọ́ mi: bí ẹ tilẹ̀ fún un ní ìmọ́lẹ̀ stóòpù méjì ju bó ṣe yẹ lọ, ihò wẹ́wẹ́ ara léèsì yẹn ò ní parẹ́. Kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò lo fíìmù kì í gba irú èyí. Funfun tó bá ti jó níbẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ṣọ́ funfun ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ dúdú.

Ẹ gbé àgbàlagbà tó kọ pélé jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá kọjú sí ìta tààrà, ilà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ kún inú rẹ̀ bó ṣe kún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yí ọrùn díẹ̀ sínú ilé, títí imú á fi da òjìji kékeré sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà lápá inú. Etí ilà kan á mọ́, èkejì á ṣú, ilà á sì dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ṣe ń hàn: ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé wọn yọ. Nínú fọ́tò tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, tó gùn ní 10, hóró fíìmù yìí máa ń hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ bí iyanrìn tó kúnná. Ó bá ojú àgbà mu. Fún ọmọ ọwọ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá tó, FP4 Plus tó jẹ́ ISO 125 dára jù.

Fún ilé, kò sí ibi tó dà bí ilé Humanities ní OAU. Arieh Sharon, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ya àwòrán rẹ̀. Àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń da ibòòji lé èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 400, ìsàlẹ̀ á ṣú pátá. Ní 200, ẹ ó rí ẹni tó jókòó níbẹ̀.

Ilẹ̀ pupa, páànù tó ti dípẹtà àti ewé igi lè jáde ní eérú kan náà. Fílítà aláwọ̀ ọsàn ló ń yà wọ́n: ilẹ̀ á mọ́, ewé á ṣú, awọ ara náà á mọ́ díẹ̀. Stóòpù méjì ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n òjìji níta ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ara sánmà aláwọ̀ búlúù, búlúù yìí gan-an sì ni fílítà náà ń dí, nítorí náà òjìji á túbọ̀ ṣú. Fún ojú èèyàn, yẹ́lò tó ń jẹ stóòpù kan ti tó. Bí ọyẹ́ bá ti sọ sánmà di funfun, ẹ yọ fílítà sápò.

Fífọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. ID-11, kẹ́míkà Ilford tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù, tí ẹ bu omi sí ní ìdajì-ìdajì, ń gba ìṣẹ́jú 13 ní ìwọ̀n 20 lórí ìwọ̀n Celsius, omi ẹ̀rọ wa kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi sínú bàsíà, ẹ ju píọ̀ wọ́tà tó ti dì sínú rẹ̀ láìtú u, kí ẹ gbé ìgò kẹ́míkà yín síbẹ̀ títí gbogbo wọn á fi dé 24. Ní 24, ìṣẹ́jú 9 ló tó. Bí ẹ bá yà á ní 200 nínú oòrùn líle, ẹ dín in sí nǹkan bí 7 àbọ̀ kí funfun má bàa le jù. Nígbà ọyẹ́ tí òjìji kò lágbára, ẹ yà á ní 400, kí ẹ sì fọ ìṣẹ́jú 9 rẹ̀ pé. Ẹ má lo ID-11 láìbu omi sí i nínú ooru: àkókò rẹ̀ á sún mọ́ ìṣẹ́jú 5, bó bá sì dín sí 5, kì í fọ̀ dọ́gba, àbàwọ́n á hàn lójú sánmà. Ẹ da táńkì tí fíìmù wà nínú rẹ̀ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 àkọ́kọ́ nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Gbígbọ̀n jù a máa mú òjìji àti funfun jìnnà síra wọn. Lẹ́yìn náà ni fíìsà, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tún lè ba àwòrán jẹ́: ìdá kan sí omi mẹ́rin, ìṣẹ́jú 3 sí 5.

Omi wọ́n, àmọ́ fíìmù kò nílò omi tó ń ṣàn. Ẹ rọ omi kún táńkì, ẹ yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dà á nù, òmíràn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òmíràn, lẹ́ẹ̀mogún. Píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ fi ṣàn án kẹ́yìn, kó má bàa gbẹ ní ojú-ojú. Balùwẹ̀ ni kí ẹ sá a sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku rọlẹ̀.

Ẹ má gbé HP5 fún ilé fọ́tò tó ń fọ fíìmù aláwọ̀. Kẹ́míkà wọn máa ń yọ fàdákà kúrò, fàdákà sì ni gbogbo àwòrán inú fíìmù yìí. Òfìfo ló máa jáde. Ilford ní XP2 Super, fíìmù dúdú-àti-funfun tí wọ́n ń fọ̀ bíi ti aláwọ̀, fún irú ilé fọ́tò bẹ́ẹ̀. Fún òde alẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní ẹ lè fà á dé 1600, ìyẹn pé kí ẹ yà á bí ẹni pé ISO 1600 ni, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ pẹ́ sí i. Ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n òjìji á ṣófo pátápátá, n kò sì lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ya ojú dúdú.

Rólù méjì ló tó fún ẹni tó fẹ́ dán an wò. Ẹ ya ẹni kan náà, lẹ́nu ọ̀nà kan náà, àkọ́kọ́ ní 400, èkejì ní 200. Ẹ gbé nẹ́gátífù méjèèjì, ìyẹn fíìmù tí ẹ ti fọ̀, sójú fèrèsé, kí ẹ wo ihò ojú: ibi tó bá mọ́ níbẹ̀ ló ń dúdú nínú fọ́tò. Èyí tí ibẹ̀ bá mọ́ gbòò bíi gíláàsì, òjìji ti gbé ojú ẹni náà lọ.