Okùn Rọ́bà Mìlímítà 3 fún Títa Tapólì Àgọ́

Ẹni tó bá ti fi tapólì náílọ́ọ̀nù pàgọ́ lórí àwọn òkè Scotland, níbi tí òjò ti lè bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó má sì dá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, yóò mọ ìṣòro tí mo fẹ́ sọ. Náílọ́ọ̀nù a máa mu omi, bó bá sì ti mu omi tán, a gùn sí i, débi pé tapólì tí a ta le dandan kí ilẹ̀ tó ṣú yóò ti dẹ̀, omi yóò sì ti dúró sí àárín rẹ̀ kó tó di ọ̀gànjọ́. Okùn rọ́bà tí àwọn tó ń ta ohun èlò ìpàgọ́ nílùú Ọba ń gé tà ní mítà-mítà ni ohun tó dára jù tí mo rí fún un, bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó.

Fọ́nrán rọ́bà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, òwú pólísítà ni wọ́n sì hun bò ó lára. Bí a bá fà á, ó lè nà tó ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀. Ti mìlímítà 2 fúyẹ́, ó sì tó fún tapólì ẹnì kan, àmọ́ ti 3 ni mo yàn, nítorí ó lágbára láti fa igun tapólì tó ti rin gbingbin padà sáyè rẹ̀. Ti 5 le ju iṣẹ́ yìí lọ. Èèkàn ni yóò kọ́kọ́ fà tu.

Àwọn kan máa ń fi rọ́bà nìkan ta igun láti ara tapólì dé ìdí èèkàn. N kò fara mọ́ ọn rárá. Atẹ́gùn yóò máa gbé tapólì bẹ́ẹ̀ sókè sódò, yóò máa lù pàpàpà ní gbogbo òru, bí èèkàn bá sì tu nígbà tí rọ́bà nà tán, irin náà yóò ta padà, ó sì lè fọ́ni lójú.

Ohun tó yẹ ni kí rọ́bà kúrú, kí okùn tí kì í nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára okùn gidi tó gùn tó mítà 2, mo ta ojú méjì tó fi sẹ̀ǹtímítà 25 jìnnà síra wọn. Mo wá so rọ́bà láti ojú kan sí èkejì, débi pé sẹ̀ǹtímítà 15 péré ló kù láàárín lẹ́yìn tí mo ta kókó tán, okùn gidi ibẹ̀ sì dẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń ta tapólì, a óò fa rọ́bà dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Bí náílọ́ọ̀nù bá gùn nínú òjò, rọ́bà a súnkì, a sì máa fà á le. Bí ìjì bá dé, rọ́bà a nà títí okùn gidi yóò fi le, òun ni yóò sì gba agbára ìjì náà. Nítorí pé rọ́bà kò lè nà ju 25 lọ, kì í dé òpin agbára rẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́.

Kókó títa gba sùúrù, nítorí okùn tó bá nà a máa tín-ín-rín, kókó tí kò bá fún a sì máa yọ̀. Mo máa ń yí ìdí rọ́bà mọ́ ojú okùn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ta á. Níbi tí a bá gé, aṣọ ara rẹ̀ a sún sẹ́yìn, fọ́nrán rọ́bà a sì yọ síta. A ní láti fi iná láítà kàn án kí pólísítà lè yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ kí iná má pẹ́, kí rọ́bà má bàa gbiná. (Tiúbù kẹ̀kẹ́ tí a là tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù ní Nàìjíríà, lè ṣiṣẹ́ yìí, àmọ́ ó wúwo, kò sì rọrùn láti ta ní kókó.)

Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn ń jẹ ẹ́. Bí a bá fà á tí a sì fi sílẹ̀, tí kò padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí tapólì rẹ̀ jẹ́ pólísítà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn nínú omi, lè fi sí igun méjì tó kọjú sí atẹ́gùn nìkan. Fún náílọ́ọ̀nù, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, rọ́bà mítà 2 yóò sì tó.