Kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ẹ̀rọ fún olùkọ́ èdè ní Bódìjà: ohun tí ojú mi rí níbẹ̀

Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣe kọ́ọ̀sì yìí, torí ọ̀rọ̀ èmi àti wọn ò tíì parí. Bódìjà ni wọ́n wà. Wọ́n ń kọ́ àwa olùkọ́ èdè bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ kọ́ èdè, àti bí olùkọ́ ṣe lè rí iṣẹ́ mìíràn fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí kó máa dúró níwájú pátákó. ₦75,000 ni mo san. Orí WhatsApp àwa Akọ́mọlédè ni mo ti rí ìpolówó wọn, mo sì mọ ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa sáré forúkọ sílẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Olùkọ́ Yorùbá tó gbọ́ ìyẹn tí kò wá nǹkan mìíràn kún tọwọ́ rẹ̀, àfi kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára, torí ó pọ̀. Ẹ ti mọ Google Classroom, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Google, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Obìnrin tó kọ́ wa ní Audacity, ohun èlò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú. Ó ní kí kálukú gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kó wá to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gbọ́ ọ, tí àyè díẹ̀ yóò wà fún un láti sọ ọ́ tẹ̀ lé e, kó tó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní dò, re, mí, ẹnu mi nìkan ni mo ń lò, ọ̀fun mi sì mọ̀ ọ́n. Ó tún kọ́ wa ní H5P, ohun èlò ọ̀fẹ́ tó wá láti Norway, tí èèyàn fi lè ki ìbéèrè bọ àárín fídíò kí ọmọ má kàn máa wò ó lọ bí ẹni ń wo eré.

Òun náà ló sọ ọ̀rọ̀ owó fún wa láìfi bò. Ó ní italki, ìkànnì tí olùkọ́ ti ń kọ́ni ní èdè, ń yọ 15% nínú owó ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní Preply, ìkànnì mìíràn bẹ́ẹ̀, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 33%, ó sì ń wálẹ̀ títí dé 18% bí wákàtí tí èèyàn ti fi kọ́ni níbẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fi ń dán olùkọ́ wò, àwọn ló ń mú gbogbo owó rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé ó sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń polówó iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́ kì í dé ibi owó tí wọ́n ń yọ. Ó fi Kọ́lá Túbọ̀sún ṣe àpẹẹrẹ fún wa: ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí, tó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ní Yorùbá lábẹ́ Fulbright, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ní 2009, tó padà wá ṣe olùkọ́ ní Èkó, tó dá YorubaName, ìkànnì ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá, sílẹ̀ ní 2015, tó sì bá Google ṣiṣẹ́ lórí ohùn ẹ̀rọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti ọmọ Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 2019. Inú mi dùn bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ìlú tí a jókòó sí yìí náà kúkú ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Kò sí ìdí tí Ìbàdàn fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn nínú irú iṣẹ́ yìí.

Àfi ọjọ́ àṣekágbá.

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbé ẹ̀kọ́ kan sórí ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn ṣe, yóò kó akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ náà yóò dáhùn ìbéèrè, ẹ̀rọ yóò sì máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí àwọn ọmọ rẹ bá gba 60%, o yege. Èmi mú àmì ohùn. Àwọn ọmọ SS2 ni mo kó wá, a jọ wọ Micra láti Mọ́kọ́lá, inú wọn ń dùn, wọ́n ti lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn gbọnrangandan.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó mọ àmì ohùn ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ, tẹ “ọ̀rẹ́” sínú àlàfo. Ẹ̀rọ sọ ọ́ di pupa. Ìdáhùn tí èmi fúnra mi ti fi síbẹ̀ wá yọ nísàlẹ̀: “ọ̀rẹ́”. Mo wò ó títí. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọmọ tó tẹ̀ lé e tẹ “ẹ̀kọ́”, pupa. Èyí tó tẹ “bàtà” gbà á, èyí tó tẹ “ilé” gbà á. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kìkì lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ̀.

Mo pe ọkùnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Mo ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kí lẹ rí tó yàtọ̀ níbẹ̀?”

Ó ní, “Ó lè jẹ́ pé ẹ fi àlàfo sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ ń tẹ̀ ẹ́, mà.”

A jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí àlàfo. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣàkíyèsí fún un, pé àmì òkè àti tìsàlẹ̀ bá pàdé lórí lẹ́tà kan ló ń fa wàhálà. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ó ní, “Mà, ẹ̀rọ kì í parọ́. Bóyá ẹ ò kọ́ àwọn ọmọ yìí dáadáa ni.”

Níwájú àwọn ọmọ mi! Mo ti ń kọ́ Yorùbá kí ọkùnrin yẹn tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ tó tẹ “ọ̀rẹ́” ń wojú mi, ó ní, “Mà, ṣé mo ṣì í ni?” Mo ní kò ṣì í. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo yàrá gbọ́. Ọkùnrin náà ti kọjá sórí tábìlì ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo padà lọ gba ìwé ẹ̀rí mi, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò níwájú kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi. Mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé, “Wọ́n ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, mà. ₦15,000 ni.”

“Tún kí ni ṣe?”

“Ìdánwò yín, mà. Orúkọ yín wà lára àwọn tí kò yege.”

Mo ní ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kọ ímeèlì. Ọ̀gá tí ímeèlì náà máa lọ bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì, mò ń rí i níbi tó ti ń jẹun. Mo pè é lórí fóònù láti orí àga tí mo jókòó lé, ó gbé e, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mummy, a máa yanjú ẹ̀.” Kò dìde. Ẹ̀gbẹ́ mi ni bàbá kan láti Ọ̀yọ́ jókòó sí, olùkọ́ tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ó yọ owó, ó kà á, ó san án. Ó ní òun ò lágbára ìjà mọ́. Ìyẹn dùn mí ju tèmi lọ.

Mo ti dé ẹnu géètì nígbà tí ẹnì kan sáré tẹ̀ lé mi. Agùnbánirọ̀ ni, ọmọ Ìlọrin, tó ń bá wọn bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn nípa àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Ó ti wà lọ́kàn mi látìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi hàn mí?”

Ẹ̀yin ará, ọkàn mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo padà.

Ó mú “ọ̀rẹ́” tèmi àti “ọ̀rẹ́” ti ọmọ náà, ó fi wọ́n sínú ohun kan tó ń fi nọ́ńbà inú ọ̀rọ̀ hàn. Nọ́ńbà méjèèjì ò dọ́gba. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní sùúrù: kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń rí, ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode ló sì pín nọ́ńbà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. “ẹ” ní tirẹ̀, “é” ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ṣe ni wọ́n ń kó o pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè mú “ẹ” kó gbé àmì òkè lé e lórí, òmíràn lè mú “é” kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹni tó bá ṣe ìkànnì gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan kó tó fi wọ́n wéra. NFC ni wọ́n ń pe ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn tó ṣe ìkànnì yìí kò ṣe é, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán an wò. Kọ̀ǹpútà mi ni mo fi tẹ ìdáhùn tèmi, fóònù ni ọmọ náà fi tẹ tirẹ̀.

Èmi náà sọ ohun kan tí kò mọ̀ fún un: ọ̀pọ̀ àwa àgbà máa ń fa ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò kí a kán àmì sí i, àwọn ìwé wa àtijọ́ sì kún fún un. Ó dán an wò, ó rí i pé NFC kò ran ìyẹn rárá, òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni èèyàn máa kọ fún un. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kọ gbogbo oríṣi tí mo bá mọ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́: fáwẹ́lì pẹ̀lú ohùn kọ̀ọ̀kan, “ǹ” àti “ń”, “ṣ” alámì àti “s̩” onílà. NẸ́PÀ mú iná lọ, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ torí ọjọ́ ti lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ la fi parí iṣẹ́ náà. Ìgbà tí a tún àwọn ìdáhùn ọmọ mi gbé sí i, gbogbo èyí tó pupa ló di àwọ̀ ewé. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi tó tẹ “ọ̀rẹ́” lójú ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ pè mí. Ó bẹ̀ mí dáadáa, ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí mi láìgba kọ́bọ̀. Ó tún ní kí n wá máa yẹ àwọn ẹ̀kọ́ Yorùbá wò kí wọ́n tó gbé wọn síta fún àwọn tó ń bọ̀, wọ́n sì ti ń sanwó rẹ̀ fún mi, ó pẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, pé wọ́n nílò ẹni tó gbọ́ èdè láti sọ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ibi tí ẹ̀rọ wọn ti kùnà. Lórí italki, mo ti ní akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ máa bá ìyá rẹ̀ sọ Yorùbá lórí fóònù. Àwọn ohùn tí mo fi Audacity gbà sílẹ̀ ni mo fi ń kọ́ ọ.

Ohun tó kù tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: “ìsopọ̀ mọ́ iṣẹ́” tí ìpolówó wọn ṣèlérí kò ju orúkọ ìkànnì tí wọ́n tò sínú ìwé kan lọ. Fídíò kíláàsì tí wọ́n ní a ó máa rí wò títí láé ti di títì. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tiyín dání bí ẹ bá ń lọ, tiwọn ń falẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ èdè ní Ìbàdàn, tí ẹ sì rí irú kọ́ọ̀sì yìí, ẹ lọ. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Èmi jàǹfààní rẹ̀.

Àmọ́ ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ sí mi níwájú ọmọ mi ò tíì ní kí n má bínú. Bàbá ará Ọ̀yọ́ sì ti san ₦15,000 lórí àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti béèrè owó náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ń wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a padà fún bàbá, àti fún gbogbo àwọn tí ẹ̀rọ wọn já kulẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni mo máa wá dárúkọ wọn síbí, kí n sì fi ìràwọ̀ tó kù kún un.