Mount Locust, ilé èrò àtijọ́ ní Mississippi: tí ẹ bá ń kọjá, ẹ yà níbẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Jackson, Baton Rouge tàbí New Orleans, tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ ní Sátidé láì náwó púpọ̀, ẹ gba Natchez Trace Parkway, tí ẹ bá ti ìlú Natchez bọ̀, ẹ ó rí Mount Locust ní máìlì 15.5. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti gba ọ̀nà yẹn. Ní tèmi o, márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ilé onípákó kan báyìí ni, wọ́n gbé e sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, fàráńdà iwájú ẹ̀ fẹ̀ gan-an. Tí mọ́tò bá gbé yín kọjá lásán ẹ lè rò pé ilé oko kan ṣá ni, ilé oko náà sì ni lóòótọ́, John Blommart ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1780, àmọ́ ó lọ dìtẹ̀ mọ́ àwọn Sípéènì tó ń ṣàkóso Natchez nígbà yẹn, ni wọ́n bá tì í mọ́lé, ilé wá bọ́ sọ́wọ́ William Ferguson àti ìyàwó ẹ̀ Paulina ní 1784. Ojú ọ̀nà àtijọ́ Natchez Trace tó gba iwájú ilé kọjá ló sọ ọ́ di ilé èrò.

Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò láti apá Kentucky àti Ohio, Kaintuck ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n á kó ìyẹ̀fun, tábà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi onípákó pẹlẹbẹ, odò á gbé wọn wálẹ̀ dé Natchez tàbí New Orleans, wọ́n á tajà tán, wọ́n á tún tú ọkọ̀ náà tà ní pákó, torí pé ta ló fẹ́ fi ọwọ́ wa irú ọkọ̀ yẹn gòkè odò Mississippi padà? Ẹsẹ̀ ló kù. Láti Natchez dé Nashville lé ní máìlì 440, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á lò tó ọjọ́ 35, owó ọjà sì wà lára ẹ̀, àwọn ọlọ́ṣà bíi Samuel Mason náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mount Locust jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan sí Natchez, ibẹ̀ nilẹ̀ máa ń ṣú wọn sí. Sẹ́ńtì 25 ni wọ́n ń san, wọ́n á fún wọn ní ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò lórí iná bíi túwó pẹ̀lú mílíìkì, wọ́n á sùn sí fàráńdà tàbí sínú àgbàlá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lé ní 50 lójú ọ̀nà yẹn, eléyìí nìkan ló ṣẹ́ kù.

Nígbà tí William kú ní 1801, Paulina fẹ́ alámòójútó oko wọn, James Chamberlain, ìyẹn náà padà fi í sílẹ̀ lọ, obìnrin náà ló wá ń darí gbogbo ẹ̀ títí ó fi kú ní 1849. Ọkọ̀ ojú omi tí ooru omi gbígbóná ń wà (steamboat) ló gba àwọn oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀, torí ìyẹn lè gòkè odò, ta ló tún máa fẹsẹ̀ rìn? Ni Paulina bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ará Natchez tí wọ́n ń wá ìsinmi. Ìdílé ẹ̀ gbé ibẹ̀ títí di 1944. Akin obìnrin ni, mi ò ní jiyàn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìtàn Paulina gba gbogbo ọkàn yín o, torí àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń dáko ibẹ̀, àwọn ló ń se oúnjẹ tí àwọn onílé ń gbowó ẹ̀, itẹ́ òkú wọn sì wà nítòsí ilé, èèyàn tó lé ní 40 ló sùn síbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ dé ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ní agbègbè Natchez yẹn kan náà, láti 1788, ni wọ́n ti fi Abdulrahman Ibrahima, ọmọ ọba Futa Jallon ní ilẹ̀ Guinea òní, ṣẹrú fún 40 ọdún, 1828 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ó yẹ káwọn ọmọ wa mọ̀ pé ará Áfíríkà wà lágbègbè yẹn nígbà tí àwọn Kaintuck ń sùn sí fàráńdà Paulina. Ìdí tí mo fi fún un ní máàkì tó kún nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń fi ilé àtijọ́ hanni pọ̀ ní Mississippi, àmọ́ ní ibí, ẹ lè dúró sójú kan kẹ́ ẹ rí ẹni tó sanwó, ẹni tó gbowó, àti ẹni tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ láì gba kọ́bọ̀.

Wọn ò ta oúnjẹ níbẹ̀, ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù yín dání, àti omi, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré nígbà ooru. Ẹ yẹ wẹ́ẹ̀bù Natchez Trace Parkway wò kí ẹ tó jáde nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn inú ilé. Máìlì 50 láàárín wákàtí kan ni ìwọ̀n eré ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà, wọn ò gba ọkọ̀ akẹ́rù láyè rárá, nítorí náà ẹ rọra máa wakọ̀. Tí ẹ bá ti Natchez bọ̀, ẹ kọ́kọ́ yà ní máìlì 10.3, Emerald Mound ló wà níbẹ̀, òkìtì ńlá tí àwọn baba ńlá ẹ̀yà Natchez, àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà àtètèkọ́ṣe, fi ọwọ́ mọ, ó gba ilẹ̀ tó éékà mẹ́jọ, káwọn ọmọ sáré gun orí ẹ̀ kí wọ́n tó wá fetí sí ìtàn.