Catch can tí mo fi sí mọ́tò mi ní Iléṣà

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò GDI, ìyẹn èyí tó ń fọ́n epo tààrà sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọ́. Catch can, agolo tó ń gba ọ́ìlì, tí mẹkáníìkì bá mi so sáàárín PCV (fáàfù tí gáàsì ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnnì) àti intake (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), ó ń ṣiṣẹ́ o! Gáàsì inú ẹ́ńjìnnì máa ń gbé ọ́ìlì dání, agolo yẹn ló ń gbà á kó tó lọ dì mọ́ fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, torí inú sílíńdà gan-an ni GDI ń fọ́n epo sí, epo ò kan fáàfù débi tó máa fọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́ omi máa ń pọ̀ nínú agolo náà, á dà bí ẹ̀kọ mímu, ẹ tètè máa dà á nù. Fáàfù tó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀ ṣá, catch can ò lè bá yín fọ̀ ọ́. Èyí tí ò ní baffle, ìdènà inú ẹ̀ tó ń dá ọ́ìlì dúró, agolo lásán ni. Kámúrì àtijọ́ tí kì í ṣe GDI ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀, ẹ fowó yẹn pààrọ̀ ọ́ìlì jàre.