Àpótí ẹja tí omi rẹ̀ kò ní dà sílẹ̀: èwo ló yẹ kí ẹ rà ní Ìkòròdú?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àpótí ẹja sí pálọ̀ sábà máa ń bi ọlọ́jà bóyá gíláàsì rẹ̀ nípọn, bóyá pọ́ǹpù rẹ̀ lágbára, àti iye ẹja tó lè gbà. Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Àmọ́ bí ẹ bá ń gbé ní Ìgbógbo, Ògólóńtò, Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Àgíríìkì, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: bí wọ́n bá mú iná lọ, ibo ni omi yìí máa gbà? Bí iná bá sì dé, ibo ló máa gbà padà? Omi kì í sábà dà jáde nígbà tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí iná lọ, àti ìgbà tí àwọn ọmọ àdúgbò pariwo “Up NEPA!”, ni ilẹ̀ máa ń tutù. Ibùdó iná Egbin tó ń pèsè iná fún orílẹ̀-èdè wà ní tòsí wa níbí, ìyẹn ò ní kí iná má lọ.

Oríṣi márùn-ún tí ẹ máa bá pàdé nìyí, láti orí èyí tó rọjú dé èyí tó wọ́n jù (àpótí ìsàlẹ̀, tàbí sump, ni àpótí kejì tó wà lábẹ́ èyí tí ẹja wà nínú rẹ̀):

| Irú rẹ̀ | Bí iná bá lọ | Bí iná bá dé |
|---|---|---|
| Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ pẹ̀lú asẹ́ fóòmù | Omi lè gba inú róbà ṣàn jáde | Kò sí wàhálà |
| Asẹ́ tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn àpótí | Omi dúró síbi tó wà | Pọ́ǹpù lè máa yí lásán bí omi bá ti lọ sílẹ̀ jù |
| Asẹ́ onídèérí tó ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù (canister) | Omi dúró síbi tó wà | Ó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ |
| Àpótí ìsàlẹ̀ (sump), omi ń gba páìpù tí wọ́n fi kọ́ etí gíláàsì | Omi ń sọ̀ kalẹ̀ | Àpótí òkè lè kún dà sílẹ̀ |
| Àpótí ìsàlẹ̀ (sump), wọ́n lu ihò sí gíláàsì òkè | Omi ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń dúró | Ó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ |

Àwọn tí kò ní àpótí ìsàlẹ̀

Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ kò fura sí. Pọ́ǹpù wà nílẹ̀, róbà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ara rẹ̀ wọ inú omi. Bí iná bá lọ, afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró, omi á wọ inú róbà yẹn, á sì máa ṣàn wálẹ̀ sínú pọ́ǹpù, láti ibẹ̀ sórí ẹkstẹ́ńṣọ̀n. Ohun tó ń dènà rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ẹ gbé pọ́ǹpù sókè ju ojú omi lọ, tàbí kí ẹ ra ike kékeré tí wọ́n ń pè ní check valve, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ọfà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí àpótí. Èmi á ṣe méjèèjì, torí ike náà máa ń gan bó bá pẹ́. Irú èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ jẹ́ kí wáyà iná rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gùn padà lọ bá a, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀ kó má wọ inú iná.

Asẹ́ ẹ̀yìn àpótí kò lè kún àpótí, nítorí inú àpótí yẹn náà ló ti ń fa omi tó ń tú padà. Bó bá ń kán, fóòmù inú rẹ̀ ló dí, tàbí kò dúró dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́, ó tán.

Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù dì pa, torí náà iná lọ, iná dé, kò kàn án. Róbà rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́: bí ọ̀kan bá yọ, àpótí lè máa ṣàn títí omi á fi lọ sílẹ̀ dé ẹnu páìpù tó ń fà á. Ẹ rí i pé wọ́n fi kílíìpù de gbogbo oríkèé róbà. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nítorí afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ẹ dà á nù kí ẹ tó tàn án padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí ẹja ló máa tú u sí.

Àwọn tó ní àpótí ìsàlẹ̀

Ibí ni owó ńlá wà, ibí náà ni omi púpọ̀ ti ń dà. Àpótí kejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́. Omi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, pọ́ǹpù ń dá a padà sókè. Ó mọ́, ó lẹ́wà, gbogbo asẹ́ wà ní ìpamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ mú àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 45. Bí omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré, lítà 5.4 ló kúrò níbẹ̀. Páìpù tó ń dá omi padà sókè ló máa ń fa omi wálẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, títí omi á fi dé ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sábẹ́ ojú omi, lítà 27 ló ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá tì í wọ inú omi dé sẹ̀ǹtímítà 20, ó di lítà 108. Àpótí ìsàlẹ̀ tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 40 kò sì gbà ju lítà 96 lọ, bó tiẹ̀ ṣófo gbáú. Bí ẹ bá wá ń gbé ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè, ẹni tó ń gbé lábẹ́ yín ni á kọ́kọ́ mọ̀ pé iná ti lọ.

Nítorí náà, ẹnu páìpù yẹn kò gbọ́dọ̀ jìn sínú omi, kí wọ́n sì lu ihò kékeré sí ara rẹ̀ lábẹ́ ojú omi díẹ̀. Bí omi bá sọ̀ dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, ìfàmọ́ra (siphon), ìyẹn bí páìpù ṣe ń fa omi wálẹ̀ fúnra rẹ̀, á já. Ẹ máa fi igi ìtayín gún un lóòrèkóòrè, torí èérí aláwọ̀ ewé máa ń dí i. Àwọn ọlọ́jà kan á ní check valve ńlá ti tó. Kò tó. Ìgbín omi kékeré kan péré tó bá há sí i lẹ́nu, kò ní pa dé mọ́.

Báwo wá ni omi ṣe ń kúrò lókè? Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń tà yàtọ̀ síra gan-an.

Àkọ́kọ́ ni àpótí kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ etí gíláàsì, tí páìpù rẹ̀ tẹ̀ gba orí etí náà kọjá. Kò sí pé a ń lu gíláàsì, ẹni tó ti ní àpótí nílé lè rà á lónìí kó lò ó lónìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yìn ín. Ṣùgbọ́n omi kì í dédé gun orí etí gíláàsì. Àìsí afẹ́fẹ́ nínú páìpù yẹn ló ń gbé e kọjá. Èyí tó dára máa ń di omi mú ní ẹnu méjèèjì kí iṣẹ́ lè padà bẹ̀rẹ̀ bí iná bá dé. Àmọ́ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú omi máa ń kóra jọ sórí páìpù náà díẹ̀díẹ̀, àgàgà bí omi bá ń rọra lọ. Ọjọ́ tó bá pọ̀ tó, ìfàmọ́ra já. Iná dé, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi sókè, ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ti dí, pálọ̀ di odò. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, mi ò ní ra èyí, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Èkejì ni gíláàsì tí wọ́n lu ihò sí. Omi kàn ń ṣubú ni, kò sí ohun tó lè já. Ìgbà tí nǹkan bá dí páìpù nìkan ni ewu wà, ìdí sì nìyẹn tí iye páìpù fi ṣe pàtàkì. Orúkọ mẹ́ta tí ẹ máa gbọ́ fún bí wọ́n ṣe ń to páìpù yìí nìyí: Durso jẹ́ páìpù kan. Herbie jẹ́ méjì, èkejì wà fún ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá dí. BeanAnimal jẹ́ mẹ́ta. Fún pálọ̀, páìpù méjì ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò náà sí òkè ẹ̀yìn àpótí, kì í ṣe ìdí rẹ̀: bí róbà ihò bá ń jò, omi tó wà lókè ihò nìkan ló lè lọ. Kí wọ́n sì lù ú kí wọ́n tó fi sílíkónì lẹ gíláàsì pọ̀. Gíláàsì tẹ́ḿpà kò ṣeé lù rárá, fífọ́ ló máa fọ́ yángá.

Ohun kan tí ọlọ́jà kì í sọ: ẹ wo bí yàrá tí pọ́ǹpù wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ ṣe tóbi tó. Bí ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ bá dí, omi inú yàrá yẹn nìkan ni pọ́ǹpù lè gbé sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Bí yàrá náà bá gba lítà 10, tí ẹ sì fi àyè sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lókè àpótí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, lítà 10.8 ló lè gbà, omi ò dà. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ooru máa ń tètè fa omi yàrá kékeré gbẹ, ẹ ó máa bù sí i lóòrèkóòrè kí pọ́ǹpù má bàa jóná.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ ní kí wọ́n tàn án ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró kí omi ìsàlẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ẹ wo bó ṣe ga tó. Ẹ fi í padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ọ́, ẹ tún fi í padà, kíákíá, bí iná àdúgbò ṣe ń ṣe. Ọlọ́jà tó bá ní kò sáyè, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Bí àpótí yín kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ẹ gbàgbé àpótí ìsàlẹ̀, asẹ́ ẹ̀yìn tàbí ti kọ́bọ́ọ̀dù ti tó yín. Ìńfátà dára, àmọ́ bátìrì náà máa ń tán, kò sì sọ páìpù tí kò dáa di dáadáa.

Bíbu omi sí i náà wà níbẹ̀. Àwọn púlọ́ḿbà lè fa páìpù láti ara tánkì orí òrùlé, kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù tó ń dá omi dúró sí i. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá há, gbogbo omi tánkì ló ń bọ̀ ní pálọ̀. Garawa ni kí ẹ máa lò.