Àápù tí wọ́n fi ń wọn àǹfààní DAO: ohun tí ojú wa rí l'Ẹ̀pẹ́

Èèyàn kan! Iye èèyàn tí àápù yẹn ní owó DAO (ẹgbẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìbò pinnu bí wọ́n ṣe máa ná owó wọn) ṣe láǹfààní l'Ẹ̀pẹ́ nìyẹn o, bẹ́ẹ̀ obìnrin mẹ́tàdínlógún ló fi owó náà mọ ààrò tuntun tí wọ́n fi ń yan ẹja tí wọ́n ń tà l'ọ́jà Olúwo. Torí pé wọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpò owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni àápù náà ń kà, ti akápò ẹgbẹ́ nìkan ló sì gbowó. Ẹlòmíì á sì jókòó sílé ṣí ọgọ́rùn-ún wọ́lẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kà á sí ọgọ́rùn-ún èèyàn, irú ẹ̀ ló mú kí Gitcoin, àwọn tó ń pín owó ìrànwọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé Passport jáde lọ́dún 2022 láti fi mọ ẹni tó jẹ́ èèyàn gidi. Inú bí mi gan-an, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́.

Mo kọ̀wé sí kọ́sítọ́mà kíà àápù náà. Ẹni tó dá mi lóhùn ní ohun tó bá ti wọ blockchain (ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà) ò ṣeé yí padà mọ́. Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ yí i padà, ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ orúkọ àwọn ìyá yìí síbẹ̀, àti pé ṣebí lọ́dún 2016 tí wọ́n jí Ether bíi mílíọ̀nù 3.6 nínú DAO kan tó ń jẹ́ The DAO, àwọn ará Ethereum, blockchain tó ni owó Ether yẹn, wá ọ̀nà, wọ́n dá owó olówó padà, àwọn tí ò fara mọ́ ọn ló di Ethereum Classic. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá òun, ló bá pa chat dé.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí àwọn alápù náà ní kó wá pè wá, Ọlọ́run á bù kún un. Yorùbá ló sọ. Ó ní kí n gbé fóònù fún akápò fúnra wọn, ó ní ẹ kú ọjà Màmá, kò béèrè tókìn (owó orí blockchain tí wọ́n fi ń dìbò nínú DAO), kò béèrè wọ́lẹ́ẹ̀tì. "Igi ìdáná tẹ́ ẹ ń rà ńkọ́, ṣé ó dín kù? Ṣé èéfín ṣì ń ta yín lójú? Owó tó ń wọlé, ta ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ná an?" Màmá ní, "Ọmọ mi, ìdì igi tí mo fi ń yan apẹ̀rẹ̀ ẹja kan tẹ́lẹ̀, ó ń yan méjì báyìí, ojú mi ò sì ṣomi mọ́. Àjọ tí mo ń dá, èmi ni mo mọ iye ẹ̀." Ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó so ó mọ́ ìròyìn wa, ẹni tó bá ṣí i á gbọ́ ọ. Mo pe gbogbo ẹgbẹ́ wá gbọ́, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa wọ̀n gan-an nìyẹn!

Síbẹ̀, èèyàn 1 ló ṣì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ àápù náà. Ẹni tó ní tókìn nìkan ló sì lè dìbò lórí ohun tí wọ́n máa wọ̀n, tókìn ẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ìbò ẹ ṣe máa tó. Àwọn ìyá yìí ò ní ìkankan. Ẹni tí ò dé etí ọ̀sà rí ló ń pinnu ohun tó jẹ́ àǹfààní fún ẹlẹ́ja, ìyẹn ò dáa rárá.

Máàkì tèmi: 4 nínú 5. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lò ó, ẹ tètè ní kí wọ́n fún yín lẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá.