Ẹ ṣọ́ra fún oníẹ̀ńjìnì tó ń ta omi tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀dà ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta o!

Ẹ̀yin tá a jọ ń kó ọkọ̀ rélùwéè kéékèèké jọ, ẹ gbà mí o. ₦95,000 mi ti wọgbó. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń gbé ẹ̀ńjìnì tòkunbọ̀ kiri nínú páálí bàtà, tó tún ń ta ìgò omi kan mọ́ ọn, ẹ yáa bẹ́sẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ló ń da èédú síná nínú ẹ̀ńjìnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Láfẹ́ńwá. Ẹ̀ńjìnì tó dúró tì nínú fọ́tò rẹ̀ dúdú kirikiri. Èyí tí mo rà, òṣùwọ̀n 1:76 (ìyẹn ni pé gígùn ẹ̀ńjìnì gidi jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tirẹ̀), aláwọ̀ ewé ni. Mo ní kí n bọ́ ọ̀dà rẹ̀, kí n kùn ún dúdú. Ṣé ìyẹn náà burú?

Ó ní òun ní sípíríìtì tí kì í jẹ ike. Ìgò ògógóró ló rọ ọ́ sí, ó fi àbẹ́là dí ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, oògùn Òyìnbó ni." Èmi náà ń mi orí bí alángbá!

Mo yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo yọ ẹ̀rọ tó ń yí i. Ìyẹn mo ṣe dáadáa, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ri ara rẹ̀ sínú abọ́, mo lọ rẹ gààrí. Kí n tó padà, àgbá omi gbígbóná iwájú rẹ̀ ti wó lulẹ̀ bí àmàlà tí kò jinná. Ṣimínì rẹ̀ tẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Tínà ni! Tínà táwọn akunmọ́tò ẹ̀yìnkùlé wa ń lò, tí mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láràárọ̀! Imú mi wà níbo nígbà náà?

Ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ kọ́kọ́ dán an wò?" Mo pariwo mọ́ ọn. Òótọ́ ló sọ.

Mo pe ọkùnrin yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀dà ọ̀hún bọ́ àbí kò bọ́?" Látìgbà náà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Olè! Ògbólógbòó olè!

Kí n má gbàgbé: tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ̀dà, isopropyl alcohol (irú sípíríìtì kan ni) tí wọ́n kọ 99% sí lára ni kẹ́ ẹ rà, nínú ìgò tí wọn ò tíì ṣí. Ẹ fi òwú tọ́ ọ sábẹ́ ọkọ̀ níbi tójú ò tó. Tí òwú bá lẹ̀ mọ́ ike, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sún mọ́ iná. Ọ̀dà tuntun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tún kùn ún. Ó tán.

Ìyá tó ń ta àdìrẹ fún wa ní Ìtòkú máa ń ki etí aṣọ bọ omi lójú wa kó tó gbowó. Ta ló ní kí oníẹ̀ńjìnì má ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò tún bá ìkankan nínú wọn ra nǹkan mọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Ẹsẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ṣá. Lálẹ́ àná, àwọn ìbejì gbé e sórí irin, ó ń sáré yí tábìlì ká ní ìhòòhò.